Inú Rírun Oṣooṣù Kì í Ṣe Ogún Obìnrin

Kò sí oníkẹ́míìsì kan láti Bọ́ládé dé Máfolúkù, láti Ìlasàmàjà dé Òkè-Àfá ní Èkó, tí kò mọ ohun tí ọmọbìnrin tó fọwọ́ dìkùn wọ ṣọ́ọ̀bù òun ń wá. Kò ní bi í ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Á fi àlùmọ́gàjí gé Felvin méjì tàbí ibuprofen mẹ́ta fún un, ọmọbìnrin náà á fi píọ̀ wọ́tà lé e láìjẹun, á sì padà sídìí ọjà tàbí sí kíláàsì. Bí oṣù mìíràn bá dé, á tún wá. Bó bá ṣe díẹ̀, méjì á di mẹ́rin, ọgbẹ́ inú á sì wá kún ìrora tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí irú àwọn oògùn wọ̀nyí máa ń dá egbò sínú ẹni tó bá ń lò wọ́n lemọ́lemọ́ láìjẹun sí i. Nínú gbogbo ọdún tí nǹkan fi ń lọ bẹ́ẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó bi í pé: ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀, ibo gan-an ló sì ti ń dùn ọ́? Nítorí ìbéèrè tí wọn kò bi í yìí la ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ olóòtú ti òní.

Kì í ṣe gbogbo inú rírun nǹkan oṣù ló yẹ kéèyàn fara dà. Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní endometriosis. Ní oṣù Keje ọdún 2024, JAMA, ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde láti ìpínlẹ̀ Utah. Àwọn olùwádìí náà yẹ àkọsílẹ̀ àwọn obìnrin 78,893 tó ní àìsàn yìí wò, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tí kò ní in. Wọ́n rí i pé jẹjẹrẹ ilé ẹyin ń mú àwọn tó ní in ní ìlọ́po 4.2 ju àwọn yòókù lọ. Fún àwọn tí tiwọn ti wọnú ara jinlẹ̀, tàbí tó ti di kókó ẹ̀jẹ̀ sínú ilé ẹyin, ó tó ìlọ́po 9.7. Irú ìròyìn báyìí kì í pẹ́ dé orí fóònù. Àlàyé tó yẹ kó bá a rìn ni kì í tètè dé, obìnrin tó bá sì rí iye náà láìrí àlàyé lè rò pé ikú ni wọ́n ṣèlérí fún òun.

Awọ kan wà tó tẹ́ inú ilé ọmọ. Oṣooṣù ló ń nípọn láti fi dúró de oyún. Bí oyún kò bá dé, awọ náà á ya kúrò, òun ló ń bá ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù jáde. Lára ẹni tó ní endometriosis, ohun tó jọ awọ yìí ń hù síbi tí kò yẹ kó hù sí: lẹ́yìn ilé ọmọ, lórí ilé ẹyin, lára ìfun, lára àpò ìtọ̀, ó tiẹ̀ lè dé ìtòsí ẹ̀dọ̀fóró. Níbikíbi tó bá wà, họ́mọ̀nù obìnrin ló ń darí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe ń darí ti inú ilé ọmọ. Bí àsìkò bá tó, òun náà á wú, á ṣẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ kò rí ojú ọ̀nà jáde. Ibẹ̀ á wú, á dá àpá, àpá náà á sì lẹ ìfun mọ́ ilé ọmọ àti ilé ọmọ mọ́ ilé ẹyin. Bó bá jẹ́ inú ilé ẹyin ló fìdí sí, ẹ̀jẹ̀ á máa ta jọ síbẹ̀ lóṣù dóṣù títí yóò fi dúdú tí yóò sì ki bíi ṣokoléètì tó yọ́. Chocolate cyst ni dókítà máa ń kọ sínú ìwé nígbà náà.

Ìrora rẹ̀ kì í sì í dúró síkùn nìkan. Ẹ̀yìn àti itan lè máa ro obìnrin náà. Ó lè máa jẹ̀rora bó bá ń yàgbẹ́ tàbí bó bá ń tọ̀ nígbà nǹkan oṣù, ó sì lè máa bẹ̀rù alẹ́ nítorí pé bí òun àti ọkọ rẹ̀ bá ń sùn pọ̀ ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n ń gún un lọ́bẹ. Inú á wú. Àárẹ̀ tí oorun kò lè mú kúrò á bá a. Àwọn mìíràn kò ní ìrora kankan. Ìgbà tí wọ́n bá wá ọmọ títí tí wọn kò rí i ni wọ́n tó mọ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fojú bù ú pé nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́wàá àwọn obìnrin tó wà lọ́jọ́ orí ìbímọ ló ní in, àwọn bí 190 mílíọ̀nù káàkiri ayé. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn tó lé ní 600,000 ní ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, Òṣòdì-Ìsọlọ̀, ẹni tó bá sì gba abẹ́ afárá Òṣòdì kọjá ní aago méje àárọ̀ á mọ̀ pé a ti pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ká tiẹ̀ fi ti 2006 ṣe é. Bí àwọn obìnrin tó wà lọ́jọ́ orí ìbímọ bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, 150,000 nìyẹn. Ìdá kan nínú mẹ́wàá wọn jẹ́ 15,000. Ìfojúbù ni o, a kò ka orí ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ ó tó láti mú kí àwọn tó ń ṣètò ìlera ládùúgbò wa béèrè ibi tí 15,000 obìnrin yìí wà, àti orúkọ tí wọ́n ń pe ohun tó ń ṣe wọ́n.

Èsì ìbéèrè kejì kò ṣòro. Wọ́n ń pè é ní ìnfẹ́kṣọ̀n. Wọ́n ń pè é ní àtọ̀sí, ní jẹ̀díjẹ̀dí, ní fáíbírọ́ìdì, ní ayé. Àwọn kan ti lo oògùn ìnfẹ́kṣọ̀n ní àlòtúnlò láìjẹ́ pé àyẹ̀wò kan rí kòkòrò lára wọn. Ìyà tó wà nínú èyí ju ti owó lọ, nítorí bí wọ́n bá ti sọ fún ọkọ pé ìnfẹ́kṣọ̀n ló ń bá ìyàwó rẹ̀ jà, ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè ni ẹni tó kó o ràn án. Ilé ti dàrú lórí àìsàn tí obìnrin kò kó lára ẹnikẹ́ni.

Ìwé àwọn dókítà fúnra wọn dá kún àṣìṣe yìí. Ní àwọn ọdún 1940, gbajúmọ̀ dókítà kan ní Boston, Joe Vincent Meigs, ń kọ́ àwọn èèyàn pé fífi ìgbéyàwó àti ọmọ bíbí falẹ̀ ló ń fa endometriosis, àti pé láàárín àwọn ọlọ́rọ̀ ló ti wọ́pọ̀. Láti inú irú èrò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti gbé e kalẹ̀ pé àìsàn àwọn òyìnbó olówó ni, pé obìnrin dúdú kì í sábà ní in. Ìran àwọn dókítà kan kẹ́kọ̀ọ́ jáde pẹ̀lú ìgbàgbọ́ yìí, ẹni tí kò bá sì retí pé òun máa rí nǹkan, kì í wá a. Ní ọdún 1976, Donald Chatman, dókítà aláwọ̀ dúdú ní Chicago, kọ ìwé lórí àwọn obìnrin dúdú tí òun fi kámẹ́rà wo inú wọn: ó lé ní ìdá kan nínú márùn-ún wọn tó ní endometriosis, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì ti sọ fún tẹ́lẹ̀ pé ìnfẹ́kṣọ̀n ni. Nítòsí wa níbí, àwọn olùwádìí ní Ìbàdàn tẹ ìwádìí tiwọn jáde ní 2015. Nínú àwọn obìnrin tí wọ́n fi kámẹ́rà wo inú wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tó ní in. Àwọn tó ti ní ìṣòro tẹ́lẹ̀ tó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà ni wọ́n o, nítorí náà ẹ má ṣe kà á sí iye tó wà láàárín gbogbo obìnrin ìlú. Ohun tó fi hàn ni pé ẹni tó bá wò ó máa rí i.

Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ tó so mọ́ ọn kì í sì í ṣe tuntun. Ní 1925, John Sampson, dókítà tó ń tọ́jú àìsàn àwọn obìnrin ní Albany ní ìpínlẹ̀ New York, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe bí jẹjẹrẹ ṣe lè ti inú endometriosis ilé ẹyin yọ, ó sì to ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ rí kó tó lè sọ bẹ́ẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ọdún rèé. Ní 2010, àwọn olùwádìí ní British Columbia ní Kánádà rí i pé jíìnì kan tó ń jẹ́ ARID1A, tó máa ń bá ara kó àwọn sẹ́ẹ̀lì níjàánu, ti bàjẹ́ nínú oríṣi jẹjẹrẹ ilé ẹyin méjì kan. Wọ́n yẹ endometriosis tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn jẹjẹrẹ náà wò lára àwọn aláìsàn mélòó kan, wọ́n bá ìbàjẹ́ kan náà níbẹ̀. Lọ́dún méjì lẹ́yìn náà, olùwádìí Celeste Leigh Pearce àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ da ìwádìí 13 pọ̀ nínú The Lancet Oncology. Oríṣi tí wọ́n ń pè ní clear cell ń mú àwọn tó ti ní endometriosis rí ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta, àwọn oríṣi méjì mìíràn ní nǹkan bí ìlọ́po méjì. Oríṣi tó wọ́pọ̀ jù, tó sì ń pa èèyàn jù, ìsopọ̀ tirẹ̀ kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí ẹyin ń gbà lọ sí ilé ọmọ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Fún ẹni tó bá fẹ́ sọ pé èyí kò kan wa, àwọn tó kó àkọsílẹ̀ àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú jọ ní Amẹ́ríkà rí ìsopọ̀ náà lára wọn bó ṣe wà lára àwọn obìnrin funfun.

Ibi tí a ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà nìyí. Ìlọ́po mẹ́rin ohun tó kéré ṣì kéré. Ìwádìí Utah náà fúnra rẹ̀ sọ pé nínú obìnrin 10,000 tó ní endometriosis, iye tí àwọn tí jẹjẹrẹ ilé ẹyin mú fi pọ̀ ju ti àárín 10,000 tí kò ní in kò ju bíi mẹ́wàá lọ. Bí a bá gbé e lé 15,000 tí a fojú bù ní Òṣòdì-Ìsọlọ̀, bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn. Èyí tó pọ̀ jù lọ pátápátá nínú àwọn obìnrin tó ní endometriosis kò ní ní jẹjẹrẹ ilé ẹyin láéláé. Ẹni tó bá ń fi ìròyìn yìí ta agbo, tó ń sọ fún ọmọbìnrin ọdún 22 pé jẹjẹrẹ ti wà nínú rẹ̀, ìwà ìkà ló ń hù. Dókítà tó bá fẹ́ torí ìròyìn yìí nìkan yọ ilé ẹyin méjèèjì obìnrin ọdún 30 kò ṣe é lóore, nítorí obìnrin tí họ́mọ̀nù rẹ̀ bá dáwọ́ dúró ní kékeré, egungun rẹ̀ á tètè máa rọ, ewu àìsàn ọkàn á sì pọ̀ sí i.

Bó bá kéré tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a fi ń pariwo? Nítorí irú jẹjẹrẹ tó jẹ́ ni. Ní 2022, obìnrin bí 324,000 ló ní jẹjẹrẹ ilé ẹyin lágbàáyé, tó lé ní 206,000 sì bá a lọ. Kò sí àyẹ̀wò kankan tí a lè ní kí gbogbo obìnrin máa lọ ṣe lọ́dọọdún tí yóò tètè tú u fó. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ ní Bìrìtìkó: obìnrin tó lé ní 200,000, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CA125 àti àwòrán skáànù, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí èsì ìkẹyìn jáde ní 2021, àyẹ̀wò náà kò dín iye àwọn tí jẹjẹrẹ yìí pa kù. Ẹ fi èyí wé jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, tó ní àyẹ̀wò tirẹ̀, tó sì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 lọ́fẹ̀ẹ́ ní oṣù Kẹwàá 2023, tí Èkó sì wà nínú àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ti ilé ẹyin kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Kò ju ohun méjì lọ tó wà lọ́wọ́ wa: kí a mọ àwọn tí ewu wọn ga ju ti ẹlẹgbẹ́ wọn lọ, kí a sì tètè dá àmì mọ̀. Ọ̀nà tó sì já sí ti àkọ́kọ́ yìí ni ìrora tí a ní kí wọ́n lọ fara dà.

Àmì náà kì í pariwo. Ikùn tó wú tí kò sì fẹ́ lọ sílẹ̀. Oúnjẹ díẹ̀ tó ń tètè yó ni. Ìtọ̀ tó ń gbọ̀n èèyàn lemọ́lemọ́. Ìrora ìsàlẹ̀ ikùn tó ń wá lójoojúmọ́, tí kò dúró de nǹkan oṣù mọ́. Láàárín wa, obìnrin ọdún 48 tí ikùn rẹ̀ wú, ohun tí wọ́n máa sọ ni pé ó sanra, tàbí pé afẹ́fẹ́ ló kó sí i nínú, wọ́n á sì po àgbo jẹ̀díjẹ̀dí fún un. Ọ̀pọ̀ obìnrin Nàìjíríà tó ní jẹjẹrẹ yìí ló jẹ́ pé ìgbà tó ti kúrò lójú kan tí omi sì ti kún ikùn ni wọ́n ń dé ọsibítù ńlá. Àwọn dókítà wa ti ń kọ ọ́ sínú ìwé tipẹ́tipẹ́. Ẹni tó bá ti mọ̀ láti ọdún 30 pé òun ní kókó ẹ̀jẹ̀ nínú ilé ẹyin, tó ní fáìlì lọ́sibítù, tó ń lọ ṣe skáànù ní ìgbà tí dókítà bá dá fún un, kò yẹ kó bá wọn dé irú ipò bẹ́ẹ̀.

A fẹ́ bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ tààrà nísinsìnyí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Gbólóhùn kan wà tí gbogbo wa gbọ́ dàgbà: "Fara dà á, bó o bá ti bímọ, á lọ." Ẹ kò purọ́ fún ọmọ yín, ohun tí àwọn ìyá yín sọ fún yín ni, ó sì lè jẹ́ pé tiyín lọ lóòótọ́. Inú rírun tó mọ níwọ̀n máa ń dín kù lára ọ̀pọ̀ obìnrin bí ọjọ́ orí bá ṣe ń gorí ọjọ́ orí. Oyún náà lè dá endometriosis dúró fún ìgbà díẹ̀, nítorí kò sí nǹkan oṣù nígbà náà. Ṣùgbọ́n kì í wò ó sàn. Ó lè padà wá, àìsàn yìí kan náà ló sì ń mú kí oyún ṣòro fún ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ wo ohun tí a ń ṣe nígbà náà: a sọ fún ọmọbìnrin pé ọmọ ni oògùn rẹ̀, àìsàn náà kò jẹ́ kó rí ọmọ bí, ilé ọkọ sì tún ń bú u pé kò bímọ. Ọmọ tí ìrora ń mú pa ilé ìwé jẹ lóṣooṣù, tó ń bì, tó ń dákú, ọ̀dọ̀ dókítà ló yẹ kó wà. Ẹ má ṣe dúró de ọkọ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti oògùn oníhóró tí a mọ̀ sí ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Òun wà lára ohun tí dókítà kọ́kọ́ ń lò fún endometriosis, nítorí ó ń mú kí awọ náà rọlẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má ta jọ. Bí dókítà bá kọ ọ́ fún ọmọbìnrin ọdún 17 ní Ṣógúnlé, ìyá rẹ̀ lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ jù nù, nítorí lójú tirẹ̀ oògùn ìṣekúṣe ni, yóò sì ba ilé ọmọ jẹ́. Kì í bà á jẹ́. Bí èèyàn bá dáwọ́ rẹ̀ dúró, agbára àtibímọ ń padà wá. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀ ni pé oògùn kan náà yìí ń dín jẹjẹrẹ ilé ẹyin kù. Ìwádìí 45 láti orílẹ̀-èdè 21 ni wọ́n da pọ̀ nínú The Lancet ní 2008. Nínú obìnrin 1,000 tí kò lò ó rí, bíi 12 ni jẹjẹrẹ yìí máa mú kí wọ́n tó pé ọdún 75. Nínú 1,000 tó lò ó fún ọdún mẹ́wàá, bíi mẹ́jọ ni. Oògùn yìí kò bá gbogbo ara mu: ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan rẹ̀ rí, ẹni tó ń mu sìgá tó sì ti lé ní ọdún 35, gbọ́dọ̀ jẹ́ kí dókítà yàn òmíràn fún òun. Nítorí náà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dá rà ní kẹ́míìsì. Ṣùgbọ́n kí ìtìjú gba oògùn lọ́wọ́ aláìsàn, a kò gbà bẹ́ẹ̀.

Gbogbo èyí kò lè bọ́ sí i bí kò bá sí ibi tí obìnrin máa gbé ara rẹ̀ lọ. A ní ọsibítù ìjọba ní Ìsọlọ̀. A ní àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ àti lábẹ́ àwọn ìjọba ìdàgbàsókè Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò. Ní ti ọsibítù ńlá, LUTH kò jìnnà ní Ìdí-Àràbà, LASUTH wà ní Ìkẹjà. Láti oṣù Kejì 2019 ni ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ti ṣílẹ̀kùn ní Ìdí-Àràbà pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbàlódé. Lójú àwòrán ilẹ̀, ó dà bí ẹni pé kò sí ìṣòro. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń ta òkìrìká ní ọjà Aswani lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mọ̀ pé ọjọ́ kan lọ́sibítù ńlá, ọjọ́ ọjà kan ló bá a lọ. Owó ọkọ̀ lọ, owó káàdì, owó skáànù, dókítà á ní kó padà wá. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi kámẹ́rà tín-ínrín wo inú, tó jẹ́ ọ̀nà tó dájú jù láti rí endometriosis tó wà lára awọ inú ikùn, kọjá agbára owó oṣù púpọ̀ nínú wọn. Nítorí náà ó padà sọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, kì í ṣe pé ó gọ̀.

Ètò adójútòfò ìlera Ìlera Èkó ni ó yẹ kó gbé apá kan nínú ẹrù yìí. Òfin tó dá a sílẹ̀ ti wà láti 2015, Gómìnà Sanwó-Olú sì fọwọ́ sí àṣẹ ní oṣù Keje 2024 pé kí gbogbo olùgbé Èkó ní adójútòfò ìlera. Bí ó bá ti di dandan fún wa láti san owó, ó yẹ kó di dandan fún wọn láti tọ́jú ìrora tó ń mú obìnrin lóṣooṣù. A ń fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ohun tí wọ́n ń sanwó fún, ní èdè Yorùbá àti ní gbangba, pé àyẹ̀wò endometriosis, skáànù ilé ẹyin, àti àwọn oògùn họ́mọ̀nù rẹ̀ wà níbẹ̀. Ní ti owó àkànlò ìjọba àpapọ̀ fún ìtọ́jú jẹjẹrẹ, jẹjẹrẹ ọmú, ti ẹnu ilé ọmọ àti ti prostate ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó bójú mu láti bẹ̀rẹ̀ síbì kan. Àmọ́ obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ilé ẹyin kò ṣẹ̀ tí òun náà kò fi ní wọlé, ó yẹ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un.

Ohun tí kò ní ná ìjọba ìbílẹ̀ ní owó púpọ̀ sì wà. Nọ́ọ̀sì tó ń gba ọmọ fún ìwọ̀n àti àjẹsára ní Máfolúkù lè bi ìyá ọmọ náà ní ìbéèrè mẹ́ta: ṣé nǹkan oṣù máa ń dá yín dúró nílé, ṣé ó máa ń dùn yín bí ẹ bá ń yàgbẹ́ tàbí bí ẹ bá ń bá ọkọ sùn, ṣé ẹ ti wá oyún ju ọdún kan lọ láìrí? Ẹni tó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí méjì, kí wọ́n kọ ìwé fún un lọ sọ́dọ̀ dókítà àìsàn àwọn obìnrin ní ọsibítù Ìsọlọ̀, kí ọjọ́ kan sì wà láàárín ọ̀sẹ̀ tó jẹ́ ti irú wọn níbẹ̀. Oníkẹ́míìsì pẹ̀lú lè ṣe ìwọ̀nba tirẹ̀. Bí ọmọbìnrin kan bá ra oògùn ìrora lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta léra, kó sọ fún un pé ó tó gẹ́ẹ́ kó lọ rí dókítà. Àwọn ìyálọ́jà, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí, ẹ̀yin lẹ ní ìjókòó tí ọkùnrin kì í sí. Ibẹ̀ ni irú ọ̀rọ̀ yìí ti lè jáde lẹ́nu. Ọ̀jọ̀gbọ́n Abáyọ̀mí Àjàyí àti Endometriosis Support Group Nigeria ti ń wọ aṣọ àwọ̀ ìyeyè rìn ní oṣù Kẹta láti ọ̀pọ̀ ọdún láti pe àkíyèsí sí àìsàn yìí. Ó yẹ kí ìrìn náà gba Òṣòdì kọjá lọ́dún kan, kí ó sì dúró lọ́jà.

Ó ku ẹ̀yin tí ẹ ti ní ìwé lọ́wọ́, tí wọ́n ti kọ endometriosis tàbí chocolate cyst sínú rẹ̀. Ẹ tọ́jú ìwé náà. Àti skáànù, àti èsì iṣẹ́ abẹ bí ẹ bá ti ṣe é rí. Ẹ bi dókítà yín bí kókó náà ṣe tóbi tó, iye oṣù tí ẹ máa fi padà wá wò ó, àti bóyá ohun kan wà nínú rẹ̀ tó le tàbí tó ní ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn, nítorí ìyẹn ń fẹ́ àmójútó kíákíá. Ẹ sọ fún un bí ìyá yín, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín obìnrin, bá ti ní jẹjẹrẹ ọmú tàbí ti ilé ẹyin rí. Bí ẹ bá ti lé ní ogójì ọdún tí kókó náà ń tóbi sí i, tàbí tí ìrora rẹ̀ yí padà sí ojoojúmọ́, tàbí tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró tí kókó ṣì wà, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ẹ lọ lọ́sẹ̀ náà. Bí dókítà kan bá sì sọ fún yín pé ìrora yín kò já mọ́ nǹkan kan láìyẹ̀ yín wò, ẹ gba ìwé yín lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ bá òmíràn.